Ajá wa ń hanrun lóru nínú yàrá, a ò rí oorun sùn mọ́

ÌyáTanímọ̀la (Ìbàdàn)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni torí ó ti fẹ́ máa dájà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi. Tanímọ̀la lorúkọ ajá wa, pug ni, irú ajá kékeré tójú ẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn, akọ, ọdún 4 ló wà báyìí. Inú yàrá wa ló ti ń sùn láti kékeré torí wọ́n máa ń jí ajá gbé ládùúgbò wa, ajá kékeré bẹ́ẹ̀ ò sì ṣeé fi síta. Ó máa ń hanrun díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ò kà á sí, àwọn ọmọ á tiẹ̀ máa sín in jẹ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ooru yìí ti dé, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Tó bá ti di ọ̀gànjọ́ òru á bẹ̀rẹ̀, á máa fà á kíkankíkan, tó bá ṣe díẹ̀ á dákẹ́ bí ẹni pé kò mí mọ́, á wá ta gìrì, á mí kanlẹ̀, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á tún bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ ni mò ń tà, aago 4 ìdájí ni mo ń dìde lọ dáná, tí mi ò bá sùn mi ò lè dúró nídìí ìkòkò. Ọkọ mi ní kí ajá máa lọ sùn ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ooru pálọ̀ ju ti yàrá lọ, ó sì tún máa ń sunkún tá a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, àwọn tá a jọ ń gbélé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo máa ń yí i padà, mo máa ń gbé orí ẹ̀ sókè, á dákẹ́ díẹ̀, ó parí. A tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lọ́dún tó kọjá, ó sì ti sanra díẹ̀ látìgbà yẹn. Kí lẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ajá yìí máa ń ṣe? Ṣé oògùn ẹ̀ wà? Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ kó sọ.

Ọmọ_Ṣàgámù

Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o, kí lajá ń wá ní yàrá tí tọkọtaya ń sùn? Bàbá mi sin ajá títí, ìta ni gbogbo wọn ń sùn, kò sí èyí tí ìhanrun ẹ̀ dé etí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan ilé pákó fún un lẹ́yìnkùlé, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ ti géètì. Oorun yín àti ti ọkọ yín ṣe pàtàkì ju ti ajá lọ.

Bàbá_Ajá (Abẹ́òkúta)

Ọmọ Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ yín dáa fún ajá ìbílẹ̀ wa, ó dáa fún àwọn ajá ńlá bíi boerboel àti alsatian pẹ̀lú, pug kọ́. Ajá tí imú ẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tì í mọ́nú ilé pákó nínú irú ooru yìí, ẹ lè jí bá òkú ẹ̀ láàárọ̀. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu àti ahọ́n ló fi ń lé ooru jáde, ó gbọ́dọ̀ mí gúlegúle kára ẹ̀ tó tutù, èyí tí ihò imú ẹ̀ há ò sì lè mí tó bó ṣe yẹ. Inú ilé tó wà yẹn ló yẹ kó wà.

Ìyá Tanímọ̀la, kílò mélòó ni? Ẹ ní ó sanra díẹ̀. Ẹni tó ń rí ajá lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé ó ti sanra jù. Ẹ gun òṣùwọ̀n tẹ́ ẹ fi ń wọn ara yín, ẹ wo iye tó sọ, ẹ wá gbé ajá mọ́ra kẹ́ ẹ tún gùn ún, ẹ yọ tàkọ́kọ́ kúrò nínú tèkejì. Pug tó bójú mu kì í ju nǹkan bíi kílò 6 sí 8 lọ. Tẹ́ ò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ fọwọ́ méjèèjì pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yẹ kọ́wọ́ yín kan egungun ìhà ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró lókè tẹ́ ẹ ń wò ó, ó yẹ kẹ́ ẹ rí ibi tí ìbàdí ẹ̀ ti wọlé. Tó bá rí gbàǹgbà látèjìká dé ìdí bí ìrọ̀rí, ọ̀rá ti pọ̀ lára ẹ̀ nìyẹn, ọ̀rá yẹn sì wà ní ọ̀fun náà, òun ló ń fún ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa.

Ajá tí wọ́n bá ti tẹ̀ lọ́dàá, oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún un, kò lo agbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kẹ́ ẹ dín in kù. Mo ní boerboel kan tó ń hanrun gba gbogbo kọ́ńpáàǹdì, a ò fún un ní oògùn kankan, oúnjẹ la dín, a fi ìrìn kún un, ìhanrun yẹn sì lọ sílẹ̀ gan-an. Mi ò ní ó tán pátápátá o, ṣùgbọ́n ilé ń sùn.

Màmá_Ìbejì (Ìkòròdú)

Ẹ fi àbóníkì díẹ̀ ra á nímú kó tó sùn, á ṣí i. Tàbí kẹ́ ẹ fún un ní ààbọ̀ Piriton, ìyẹn á tún jẹ́ kó sùn fọnfọn. Ohun tí mo máa ń ṣe fáwọn ọmọ mi nìyẹn tí imú wọn bá dí, ajá náà ẹlẹ́mìí ni.

Abíkẹ́_Peckham

Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, àbóníkì kọ́! Ó máa lá a ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà tó wà níbí sọ ìyókù.

Ìyá Tanímọ̀la, mo ní French bulldog kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, abo ni, ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn gan-an lojú wa rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí mo bá sọ fáwọn èèyàn, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe, pé ìhanrun yẹn tiẹ̀ ń wu àwọn. Kò yẹ kó wu èèyàn. Àwọn tó ń sin àwọn ajá yìí ti ń ṣa èyí tójú ẹ̀ pẹlẹbẹ jù láti ìran dé ìran, wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, egungun imú wá ń kúrú sí i, ṣùgbọ́n ẹran tó wà nínú imú àti ẹnu ò kúrú tẹ̀ lé e. Ahọ́n tóbi jù fún ẹnu, ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu gùn débi tó fi ń wọ ọ̀nà ọ̀fun, ihò imú wá há di ìlà tínrín. Afẹ́fẹ́ tó ń fipá gba àárín gbogbo ìyẹn kọjá ló ń gbọn ẹran yẹn tá a fi ń gbọ́ ariwo. BOAS làwọn dókítà ń pe àìsàn yẹn.

Lọ́dún 2019, Kennel Club, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ irú ajá níbí, àti Yunifásítì Cambridge gbé àyẹ̀wò kan jáde fún bulldog, French bulldog àti pug. Dókítà á fi ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà gbọ́ bí ajá ṣe ń mí, wọ́n á jẹ́ kó sá sẹ́sẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, wọ́n á tún gbọ́ ọ, wọ́n á wá fún un ní máàkì láti 0 dé 3. Èyí tó gba 0 ò ní nǹkan kan, èyí tó gba 3 wà nínú ewu. Tèmi gba 3. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fẹ ihò imú ẹ̀, wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára ẹran ọ̀fun yẹn. Báyìí ó ń sùn, èmi náà ń sùn. Ìmọ̀ràn tèmi ni kẹ́ ẹ má jókòó ti oúnjẹ dídín, ẹ gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ.

Dókítà_Ẹran (Òṣogbo)

Ẹ kú ìjíròrò o. Iṣẹ́ dókítà ẹranko ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn torí ohun tí ẹ ń sọ níbí ju ọ̀rọ̀ ariwo lọ.

Àkọ́kọ́ ná, màmá, ẹ má bínú, àbóníkì ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ imú ajá. Kámúfọ̀ wà nínú irú àwọn ìpara bẹ́ẹ̀, májèlé ni fún ajá tó bá lá a, ajá kan ò sì sí tí wọ́n máa fi nǹkan sí nímú tí ò ní lá a. Imú tí í gbóòórùn ju tiwa lọ fíìfíì lẹ tún ń fi nǹkan tó ń ta bẹ́ẹ̀ sí. Piriton, èmi dókítà máa ń fún ajá nígbà míì tí ara bá ń yún un, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ẹ̀. Kò wá sí bí oògùn tó ń kunni lóorun ṣe máa wo ajá tí ọ̀fun ẹ̀ ń dí lójú oorun, ó lè mú kí iṣan ọ̀fun yẹn dẹ̀ sí i, kó burú sí i. Panadọ́ọ̀lù, ibuprofen, oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n fi pseudoephedrine sí, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ jìnnà sí ajá. Mo ti rí ajá tí èyí pa.

Ìkejì, Ìyá Tanímọ̀la, ìhanrun fúnra ẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ gba ọkàn mi nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, ìdákẹ́ yẹn ni. Kó máa hanrun, kó dákẹ́ pátápátá, kó wá ta gìrì kó mí kanlẹ̀, èémí ẹ̀ ló ń dá lójú oorun yẹn. Èèyàn ń ní in, ajá náà ń ní in. Ní 1987 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé bulldog ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń ní in bí èèyàn ṣe ń ní in, wọ́n sì ń fi bulldog kẹ́kọ̀ọ́ nípa àìsàn náà. Ajá tó bá ń ní in kì í sinmi bó ti wù kó sùn pẹ́ tó, ọkàn ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lálẹ́ òní ni kẹ́ ẹ fi fóònù ká fídíò ẹ̀ nígbà tó bá ń hanrun, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àyà àti imú ẹ̀ hàn níbẹ̀. Ẹ má fi ẹnu júwe ẹ̀ nìkan fún dókítà, ajá tó bá ti dé ilé ìwòsàn ojú ẹ̀ á ti là kedere, kò ní hanrun fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó bá ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ka bí àyà ẹ̀ ṣe ń gbé sókè láàárín ìṣẹ́jú kan, àgbésókè àti àgbésílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni. Kó má ju 30 lọ. Tó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má dúró.

Abíkẹ́, inú mi dùn pé tiyín yege. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ sáré síbi iṣẹ́ abẹ. Ajá tó sanra tí ọ̀nà èémí ẹ̀ sì há, oògùn tá a fi ń mú un sùn fún iṣẹ́ abẹ léwu fún un ju fún ajá míì lọ, àsìkò tó bá ń jí gan-an léwu jù, kì í ṣe gbogbo ibi tó ní abẹ ló ní ẹ̀rọ ọ́síjìn tó yẹ. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ajá ló ṣáájú: ẹ jẹ́ kó fọn ná, ká wo ohun tó máa ṣẹ́ kù. Àfi èyí tí ihò imú ẹ̀ dí tán tàbí tó ń dákú, ìyẹn ò lè dúró.

Tí ahọ́n ẹ̀ tàbí ẹran ìdí eyín ẹ̀ bá di búlúù tàbí tó funfun, tó bá ṣubú, tó bá ń mí gúlegúle tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti sinmi níbi tó tutù, ilé ìwòsàn lẹ̀ ń lọ lójú ẹsẹ̀, òru ni o, ọ̀sán ni o.

ÌyáTanímọ̀la (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ báyìí ṣùgbọ́n ó dáa kí n mọ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n, kílò 11. Ó máa ń tẹ̀ lé mi lọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà á máa ju ṣàkì àti ọ̀rá ẹran sí i, á tún jẹ àjẹkù ìrẹsì, tá a bá délé alẹ́ a tún máa ń fún un ní ẹ̀bà. Ihò imú ẹ̀ ṣí díẹ̀, kò dí tán. Tá a bá rìn dé ìkóríta á ti jókòó, kò ní dìde mọ́ àfi kí n gbé e. Mo gbàgbé láti sọ pé a máa ń dáná kọ́ìlì ẹ̀fọn nínú yàrá, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì wà lábẹ́ fèrèsé wa, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń ṣiṣẹ́ títí di aago 12 òru.

Àlàbí_Houston

Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ ajá tì ná. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn, ẹ bá ará ilé yẹn sọ ọ́ lónìí, kó gbé e jìnnà. Gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀, carbon monoxide, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó ti pa odindi ìdílé lójú oorun ní Nàìjíríà láìmọye ìgbà. Tẹ́ ẹ bá ń jí pẹ̀lú orí fífọ́ láàárọ̀, ẹ má rò pé àìsùn nìkan ni.

Ní ti ajá, Shih Tzu ni tèmi, òun náà ń hanrun, dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ewu nínú tiẹ̀. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni ibi tó ń sùn. A ra bẹ́ẹ̀dì ajá tó rí róbótó tó ní etí gíga, á gbé àgbọ̀n lé etí ẹ̀, ọrùn ẹ̀ á nà. Tẹ́ ò bá rí i rà, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì, ẹ fi sábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, kó má ga jù. Tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Kó má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín o, ilẹ̀ tí wọ́n fi táìsì sí tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da omi sínú ike, ẹ fi sí fìríìsà, ẹ fi aṣọ wé e tó bá ti dì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á fúnra ẹ̀ lọ sùn tì í.

Èmi àtìyàwó mi máa ń tan fáànù tó ń dún ketekete, ìró ẹ̀ ń bo ti ajá mọ́lẹ̀. Fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí náà wà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, kò wọ́n. Ẹ ra fún bàbá àwọn ọmọ.

Bàbá_Ajá (Abẹ́òkúta)

Kílò 11! Ó ti fi kílò 3 ju ibi tó ga jù tó yẹ kó wà. Ó pọ̀ gan-an fún ajá tó kéré bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bà lálẹ́ yẹn, ẹ dá a dúró. Ẹ sọ fáwọn oníbàárà pé dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan, ẹni tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ò ní gbọ́, wọ́n á tún jù ú. Kó tiẹ̀ dúró sílé fúngbà díẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó máa wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kó jẹun, kẹ́ ẹ fi ife kan náà máa bu ú, tó bá sunkún ẹ fún un ní kúkúḿbà tàbí kárọ́ọ̀tì. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ẹ̀ ńkọ́? Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, àwọn tó ń fi ọbẹ̀ fún ajá kì í rò ó.

Dókítà_Ẹran (Òṣogbo)

Mo kín Bàbá Ajá lẹ́yìn, pẹ̀lú àtúnṣe kan: ẹ má febi pa á kó lè yá. Kó máa fọn jẹ́jẹ́, bíi ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀ lọ́sẹ̀, fún tiyín ìyẹn ò ju nǹkan bíi gíráàmù 100 sí 200 lọ lọ́sẹ̀ kan. Oṣù mélòó kan ló máa gbà. Ìrìn náà, kí ó jẹ́ ní ìdájí tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀ dáadáa, kúkúrú, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ má wọ́ ọ tó bá jókòó. Ẹ yọ okùn ọrùn kúrò, ẹ ra èyí tí wọ́n ń dè mọ́ àyà.

Kọ́ìlì yẹn náà, ẹ pa á. Èéfín ẹ̀ ń mú kí inú imú àti ọ̀fun wú, tọmọ tajá. Nẹ́ẹ̀tì ló dáa.

Ọmọ_Ṣàgámù

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo ti gbà pé pug ò ṣeé sùn síta. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yàrá o. Ọmọ mi obìnrin ní ásímà, tí irun ajá bá ti wà ní yàrá, òru yẹn ò ní dáa fún un. Ẹ ò mẹ́nu ba ìyẹn, ẹ kàn ń sọ̀rọ̀ bí pé ajá nìkan ló ń mí nínú ilé.

Dókítà_Ẹran (Òṣogbo)

Òótọ́ lẹ sọ, ó sì yẹ ká ti sọ ọ́. Ilé tí ásímà bá wà, kí ajá má wọ yàrá tí ẹni náà ń sùn rárá, kó hanrun, kó má hanrun. Ilé tí kò bá sí, kí wọ́n máa fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fún un lóògùn aràn àti ti eégbọn lásìkò, kó sì ti gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi.

Kọ́lá_Ìlọrin

Ẹ dákun, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ imú pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí ẹlòmíì lè wá ka ibí yìí. Ajá ìbílẹ̀ ni tèmi, imú ẹ̀ gùn dáadáa, kì í hanrun rárá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ lójijì. Mo rò pé ọyẹ́ ni torí àsìkò ọyẹ́ ni, eruku wà níbi gbogbo. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń sín, ẹ̀jẹ̀ wá ń jáde láti ihò imú kan ṣoṣo, ojú imú ẹ̀ lápá ibẹ̀ sì ń wú díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ní kí n pa á. Ẹnìkan ní eégbọn ni, pé àìsàn tí eégbọn ń kó ran ajá máa ń mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀, òótọ́ sì ni pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kókó kan ló ń hù nínú imú ẹ̀, TVT, irú èyí tó máa ń wà ní ojú ara àwọn ajá tó ń rìn káàkiri, ajá máa ń kó o ran ara wọn tí wọ́n bá ń gun ara wọn, tí wọ́n bá sì fimú gbóòórùn ìdí èyí tó ní in ó lè bọ́ sí imú. Èmi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Abẹ́rẹ́ vincristine ló ń fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn kọ́kọ́ dá, wíwú ẹ̀ wá lọ, ìhanrun náà sì lọ, gbogbo ẹ̀ láìfi abẹ kàn án. Ajá yẹn wà nílẹ̀ lónìí. Torí náà ajá tí kì í hanrun tẹ́lẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀, ẹ má kàn lọ ra bẹ́ẹ̀dì fún un.

Dókítà_Ẹran (Òṣogbo)

Kọ́lá, ẹ ṣe é tẹ́ ẹ kọ ọ́. À ń rí i dáadáa lọ́dọ̀ wa torí ọ̀pọ̀ ajá ló ń rìn láìní olùtọ́jú, ó sì máa ń gbọ́ vincristine gan-an. Ihò imú kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́: tí omi, ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti ọ̀kan ṣoṣo jáde, kókó lè wà níbẹ̀, kóríko lè há síbẹ̀, gbòǹgbò eyín òkè tó ti jẹrà náà lè fà á. Ajá àgbà tó ń sanra láìjẹun jù, tí irun ẹ̀ ń já, tó ń sùn ṣáá, ẹ ní kí wọ́n yẹ thyroid ẹ̀ wò, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ.

Ṣadé_Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ará, mo ti fẹ́ sanwó ọmọ pug kan lọ́sẹ̀ yìí o, ẹ ti dẹ́rù bà mí. Ṣé kí n má rà á mọ́ ni?

Abíkẹ́_Peckham

Ṣadé mi, tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní rà á, mo sì nífẹ̀ẹ́ tèmi dé góńgó. Orílẹ̀-èdè Netherlands tiẹ̀ ti ṣòfin nípa ẹ̀, wọ́n ní imú ajá tí wọ́n máa fi bímọ gbọ́dọ̀ gùn tó ìdá kan nínú mẹ́ta orí ẹ̀ ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá ní dandan ni, ẹ lọ wo ìyá àti bàbá ẹ̀ níbi tí wọ́n wà, ẹ má gba fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré díẹ̀ lójú yín, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí wọn. Ẹ wo ihò imú wọn, kó ṣí sílẹ̀ dáadáa. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ariwo yẹn kò burú, pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Dókítà, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lórí iṣẹ́ abẹ. Tèmi ò sanra rárá nígbà yẹn, ó lè jẹ́ ohun tó fà á nìyẹn tí wọn ò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Fún Tanímọ̀la, mo gbà pé kó fọn ná. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ọ̀fun ẹ̀ o, kí wọ́n má kàn sọ pé ọ̀rá ni kí wọ́n ní kó máa lọ.

Bàbá_Ajá (Abẹ́òkúta)

Ṣadé, ẹ wá ajá ìbílẹ̀ wa kan tọ́. Ooru wa ò lè pa á, imú ẹ̀ gùn, ó gbọ́n, ó sì máa ń pẹ́ láyé tí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ fún un. A ti fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn jù ní ilẹ̀ yìí.

ÌyáTanímọ̀la (Ìbàdàn)

Mo ti fi fídíò han ọkọ mi lówùúrọ̀, nígbà tó rí ibi tó ti dákẹ́ tí àyà ẹ̀ ń fà láìsí afẹ́fẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló ní ká gbé e lọ. Ará ilé kejì náà ti gbà láti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn fẹ́ǹsì. Dókítà, a fẹ́ lọ ní Mọ́ńdè. A ò ní mọ́tò, Micra la máa wọ̀, ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń há èèyàn mọ́nú ẹ̀, ooru á sì wà. Ẹ̀rù ń bà mí kó má dákú lọ́nà. Báwo la ṣe máa gbé e?

Dókítà_Ẹran (Òṣogbo)

Ẹ kúrò nílé kí oòrùn tó ràn, kẹ́ ẹ wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀, ẹ dá Micra yẹn gbà, ẹ jẹ́ kó ṣí gbogbo gíláàsì. Tẹ́ ò bá lè dá a gbà, iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó, létí fèrèsé. Ẹ má kó o sínú báàgì, ẹ má sì fi aṣọ bò ó torí àwọn tó ń bẹ̀rù ajá, ẹ gbé e sórí itan kí imú ẹ̀ kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Kó má jẹun kó tó kúrò nílé, omi díẹ̀ ò burú. Ẹ rẹ táwẹ́ẹ̀lì sómi, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀, ẹ gbé omi píọ̀ wọ́tà bíi mélòó kan dání kẹ́ ẹ lè máa fi pa á ní ikùn àti abẹ́ apá tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle.

Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí yín, wọ́n á lè wo ọ̀fun ẹ̀, wọ́n á sì lè gbọ́ ọkàn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí èrò pọ̀, ẹ má jókòó sínú oòrùn, ẹ wá ibòji, kẹ́nì kan tò sórí ìlà. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi báńdéèjì di ẹnu ẹ̀ kó má bàa gé wọn jẹ, ẹ sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé kò lè fi imú nìkan mí, kí ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n jù dì í mú fún wọn. Fídíò yẹn, ẹ má pa á rẹ́ lórí fóònù.